Bàbá Sùwé: Bí ẹjọ́ kokéènì ṣe sọ ẹni tó ń pa wá lẹ́rìn-ín di ẹni ẹ̀rín

Gbogbo ẹni tó bá ti gbé Agége, Ọ̀gbà tàbí Ìkẹjà láti nǹkan bí ọdún 1995 ló mọ bí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ṣe máa ń rí nígbà yẹn. Bí àwọn òṣìṣẹ́ bá ti ń jáde nílé-iṣẹ́, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń fi fídíò háyà ládùúgbò ni wọ́n máa ń yà sí. Wọ́n á gbé kásẹ́ẹ̀tì méjì tàbí mẹ́ta, wọ́n á wá máa bẹ Ọlọ́run kí NEPA má mú iná lọ. Bí àwòrán Bàbá Sùwé bá wà lára páálí kásẹ́ẹ̀tì náà, kí wọ́n tó tan tẹlifíṣàn báyìí, àwọn ará yàrá kejì ti gbé àpótí ìjókòó wọlé, àwọn ọmọdé ti nà sílẹ̀ gbalaja.

Ẹ má wulẹ̀ dá wọn lẹ́bi. Ojú ọkùnrin náà nìkan tó ẹ̀rín. Á kùn ún dúdú bí ìdí ìkòkò, á to àmì róbótó-róbótó sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, á ya irunmú tí kò jọ irunmú ẹnikẹ́ni, á wá wọ aṣọ tí tòkè ò bá tìsàlẹ̀ tan. Bó bá wá la ẹnu, wàhálà dé nìyẹn, torí ọ̀rọ̀ kì í tán lẹ́nu ẹ̀. Á bú ọ̀gá, á bú ìyàwó, á bú ẹni tó fẹ́ yá a lówó, á sì bú ara ẹ̀ mọ́ ọn.

Àmọ́ lóṣù kẹwàá, ọdún 2011, odidi orílẹ̀-èdè fi ọkùnrin yìí rẹ́rìn-ín nígbà tí kò ṣeré rárá. Ẹ̀rín yẹn ni kò yéé dùn ún títí tó fi wọ kàá ilẹ̀ lọ.

Babátúndé Omídínà lorúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Ọjọ́ 22, oṣù kẹjọ, ọdún 1958 ni wọ́n bí i ní àdúgbò Inabere, ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ṣùgbọ́n Ìkòròdú ni wọ́n ti wá. Ó kàwé l'Ékòó, ó tún kà l'Óṣogbo, ibẹ̀ ló sì ti ṣe ìdánwò oníwèé mẹ́wàá, nílé-ẹ̀kọ́ Ifẹ́olúwa Grammar School. Ọdún 1971 ló ti fẹsẹ̀ kan ọ̀rọ̀ tíátà, ìyẹn ni pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá péré ni.

Ẹ fojú inú wo ayé tíátà lásìkò náà. Mósè Ọláìyá, ìyẹn Bàbá Sálà, lọba àwọn aláwàdà. Gbogbo ọmọ tó bá ní òun fẹ́ máa pa èèyàn lẹ́rìn-ín, ọ̀dọ̀ ẹ̀ ló ń wò. Orí ìtàgé àti tẹlifíṣàn ni iṣẹ́ wà. Ìgbà tó yá làwọn ọ̀gá ń ṣe fíìmù tí wọ́n ń gbé láti ilé sinimá kan sí òmíràn. Agége náà ní tiwọn, ṣebí ilé sinimá ló fún Pen Cinema lórúkọ tí oríta yẹn ń jẹ́ títí dòní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bíríìjì ni ọmọ ìsinsìnyí mọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n fíìmù gba owó ńlá. Bàbá Sálà fúnra ẹ̀ ṣe Ọ̀run Móoru lọ́dún 1982, àwọn olè ṣe àdàkọ ẹ̀, wọ́n tà á káàkiri, gbèsè sì wọ ọ̀gá aláwàdà lọ́rùn. Ìgbà tí kásẹ́ẹ̀tì fídíò wá dé lọ́wọ́ ìparí ọdún 1980 sí 1990 làwọn tí kò lówó fíìmù tó rí ọ̀nà gbà. Ẹni tó bá rí kámẹ́rà yá, tó rí olóòótà n'Ìdúmọ̀tà tó máa bá a gbé e jáde, ó ti di aṣefíìmù nìyẹn.

Ojú ọ̀nà yìí ni Bàbá Sùwé gbà wọlé sí ọkàn àwọn èèyàn. Fíìmù Ọmọlásán tí Ọbáléndé gbé jáde ló kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ ọ́n dáadáa. Lọ́dún 1997, Ẹ̀bùn Olóyèdé tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ọláìyá Ìgwé gbé Ìrù Ẹṣin jáde, òkìkí ọkùnrin náà sì kàn. Láti ìgbà yẹn, kò sí olóòótà tí kò fẹ́ kí ojú dúdú yẹn wà lára páálí òun, ì báà ṣe ìran méjì péré ló fẹ́ kó ṣe nínú fíìmù ọ̀hún.

Nǹkan kan wà tí àwọn òǹwòran kì í sábà mọ̀ nípa iṣẹ́ yìí. Owó ìlẹ̀mọ́ ni wọ́n máa ń san fún òṣèré lórí fíìmù kan, ó parí. Bí wọ́n ta ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba kásẹ́ẹ̀tì, bí wọ́n tún fíìmù náà gbé sórí tẹlifíṣàn lẹ́ẹ̀mẹwàá, kọ́bọ̀ kì í padà wá bá ẹni tó kun ojú dúdú. Kò sí owó ìfẹ̀yìntì, kò sí ajẹmọ́nú. Ohun tí òṣèré ní ò ju orúkọ ẹ̀ lọ. Bí orúkọ bá mọ́, fóònù á máa dún. Bí orúkọ bá bàjẹ́ ńkọ́?

Òun àti ìyàwó ẹ̀, Ọmọládùn, tí òun náà jẹ́ òṣèré, ni wọ́n jọ ń ṣeré. Ọdún 2009 ni Ọmọládùn kú, ó sì ká ọkọ ẹ̀ lára púpọ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ pápákọ̀ òfurufú ṣẹlẹ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ 12, oṣù kẹwàá, ọdún 2011 ni. Bàbá Sùwé ń lọ sílùú Páríìsì, ó ti dé pápákọ̀ Murtala Muhammed n'Ìkẹjà, kò kù ju kó wọ bàálù lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ NDLEA, ìyẹn àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró, fi ẹ̀rọ tó ń wo inú ara yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní ẹ̀rọ fi hàn pé nǹkan kan wà níkùn ẹ̀. Wọ́n fura pé kokéènì ló gbé mì. Bí wọ́n ṣe dá a dúró nìyẹn.

Ká sọ òdodo, kì í ṣe àwọn NDLEA ló kọ́kọ́ ronú irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ó ti pẹ́ tí àwọn kan ti ń dì í wẹ́wẹ́ sínú ọ̀rá, tí wọ́n ń gbé e mì bí òkèlè, tí wọ́n á sì lọ yà á sílẹ̀ lókè òkun. Pápákọ̀ Ìkẹjà yìí kan náà ni wọ́n ti mú ọ̀pọ̀ wọn. Iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ yẹn ni láti fura, bí wọn ò bá sì fura, àwa kan náà la máa bú wọn. Ọ̀nà tí wọ́n sì ń gbà mọ òótọ́ kò le: wọ́n á fi ẹni náà sí àhámọ́, wọ́n á máa ṣọ́ ọ bó ṣe ń yàgbẹ́. Ohun tó bá wà níbẹ̀ á jáde láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Ti Bàbá Sùwé ò jáde. Ọjọ́ kan, ọjọ́ kejì, ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn NDLEA gba ìwé àṣẹ ilé-ẹjọ́ pé kí wọ́n fún àwọn ní ọjọ́ 15 láti fi mú un mọ́lẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ wá dójú tì gbogbo wa sí nìyí. Ńṣe làwọn ìwé ìròyìn ń ka ìgbẹ́ ọkùnrin náà bí ẹni ka góòlù bọ́ọ̀lù. Òní ó yà á lẹ́ẹ̀kan, àná ó yà á lẹ́ẹ̀mejì, kò sí nǹkan níbẹ̀. Ní ibùdókọ̀, nínú dánfó, ní ìdí ọtí, àwàdà ni wọ́n fi ń ṣe. Wọ́n ní ó ti gbé fíìmù tuntun jáde. Wọ́n ní kó fi iṣẹ́ awo han NDLEA. Ká ní adájọ́ tàbí àlùfáà ni wọ́n tì mọ́lé bẹ́ẹ̀, ì bá jọ nǹkan tó burú lójú àwọn èèyàn. Ṣùgbọ́n Bàbá Sùwé ni. Ẹni tí a ti mọ̀ mọ́ pé ó máa ń sunkún pa wá lẹ́rìn-ín, tó bá wá sunkún tòótọ́, báwo la ṣe máa mọ̀ ọ́n yàtọ̀?

Nígbà tí wọ́n kà á dé ẹ̀ẹ̀karùndínlọ́gbọ̀n, tí kò sí kokéènì, tí kò sí ohunkóhun tó jọ ọ́, ẹ̀rín wá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ lẹ́nu àwọn èèyàn.

Bámidélé Atúrù, lọ́yà tó máa ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, ló gbé ẹjọ́ náà lọ sílé-ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ Èkó n'Ìkẹjà, níwájú Adájọ́ Yétúndé Ìdòwú. Òfin tí ẹjọ́ ọ̀hún dúró lé kò ṣòro. Abala 35 nínú ìwé òfin Nàìjíríà tọdún 1999 sọ pé ẹni tí wọ́n bá mú, kí wọ́n gbé e dé iwájú adájọ́ láàárín ọjọ́ kan bí ilé-ẹjọ́ bá wà nítòsí, tàbí ọjọ́ méjì bó bá jìnnà. Èkó sì rèé, ilé-ẹjọ́ pọ̀ jáńrẹrẹ. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá ni adájọ́ pàṣẹ pé kí wọ́n gba onídùúró Bàbá Sùwé, kó máa lọ sílé. Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ti wà lọ́hùn-ún. Kó tó di pé oṣù náà parí, adájọ́ gbé ìdájọ́ kalẹ̀: àtìmọ́lé náà kò bófin mu, kí NDLEA san mílíọ̀nù 25 náírà fún un.

Inú àwọn òṣèré dùn, àwọn ará ìlú náà bá wọn yọ̀. Ẹni tó ti ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lóṣù tó kọjá ló tún ń pariwo pé ṣebí òun ti sọ. Àwọn kan ti ń bá a ṣírò owó ẹ̀, pé ó máa kọ́lé, pé ó máa ra mọ́tò. Owó tí kò tíì dé àpò.

Kò sì dé ibẹ̀. NDLEA pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Lọ́dún 2014, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn l'Ékòó wọ́gi lé mílíọ̀nù 25 náà. Ẹ ṣàkíyèsí rẹ̀ dáadáa o: kò sẹ́ni tó sọ pé wọ́n rí kokéènì lára ẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Oṣù keje ọdún yẹn kan náà ni Atúrù tó jà fún un kú, ọmọ ọdún 49.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò fẹ́ gbọ́ ni pé ìdáláre kì í yára bí ìfẹ̀sùnkàn. Lọ́jọ́ tí wọ́n mú un, gbogbo abúlé ló gbọ́. Lọ́jọ́ tí kò sí nǹkan níkùn ẹ̀, àwọn tó gbọ́ ò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Títí di ọdún tó kẹ́yìn, bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ Bàbá Sùwé níbikíbi, ẹnìkan á ṣáà rántí kokéènì. Ó padà sídìí iṣẹ́ ẹ̀ o, ó kun ojú ẹ̀ dúdú bí ti tẹ́lẹ̀, ó ṣe fíìmù. Ṣùgbọ́n fíìmù ẹ̀ kò ya lu ìgboro bí ìgbà kan mọ́. Ọjà kásẹ́ẹ̀tì náà ti ń kú lọ, àwọn ọmọ tuntun ti ń gba ojú ọ̀nà, àgbà sì ti ń dé sí i.

Lẹ́yìn náà ni àìsàn wọlé. Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019, ọ̀rọ̀ ti di kí wọ́n máa bẹ àwọn èèyàn kí wọ́n ran Bàbá Sùwé lọ́wọ́. Ẹni tí ẹ̀rín ẹ̀ ti kún ilé wa láti ọdún yìí wá ló ń tọrọ owó oògùn. Wòlíì Esther Ajàyí tí wọ́n ń pè ní Ìyá Àdúrà fún un ní mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà, wọ́n sì gbé e lọ sí Amẹ́ríkà fún ìtọ́jú. Bí ẹ bá ṣe ìṣirò díẹ̀, ẹ máa rí i pé mílíọ̀nù mẹ́wàá yìí kò tó ìdajì ohun tí adájọ́ ní kó gbà lọ́dún 2011. Àánú obìnrin kan ló ṣe ohun tí ẹjọ́ ò lè ṣe, kó sì tó bẹ́ẹ̀ náà.

Irú ìtàn yìí kọ́ ni àkọ́kọ́ láàárín àwọn aláwàdà wa. Bàbá Sálà, ọ̀gá gbogbo wọn, kú n'Íléṣà ní ọjọ́ 7, oṣù kẹwàá, ọdún 2018, kò sì sí ẹni tó san án padà ohun tí àwọn olè fíìmù kó lọ. Olè ló ba ti ọ̀gá jẹ́. Ti Bàbá Sùwé, àwọn tó ń ṣọ́ olè ni.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 22, oṣù kọkànlá, ọdún 2021 ni Babátúndé Omídínà jáde láyé, ọmọ ọdún 63. Ọmọ ẹ̀, Adéṣọlá, ló kéde ikú náà fún gbogbo èèyàn. Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀lé e ni wọ́n sin ín sílé ẹ̀ n'Ìkòròdú, níbi tí àwọn òṣèré ẹgbẹ́ ẹ̀ pé jọ sí. Oṣù kọkànlá yẹn ló pé ọdún mẹ́wàá tí adájọ́ n'Ìkẹjà ti ní kí wọ́n fún un ní mílíọ̀nù 25 náírà, kò sì rí kọ́bọ̀ gbà níbẹ̀.