Erin Ń Wá Ọ̀nà: Ìdí Tó Fi Yẹ Kí Igbó Omo àti Igbó Oluwa So Pọ̀

Ẹni tó bá wọ mọ́tò ní Ìlíṣàn, tó já sí títì márosẹ̀ Ṣágámù sí Benin, tó wá kọrí sí Ọ̀rẹ̀, yóò gba ẹ̀gbẹ́ igbó ọba Omo kọjá lágbègbè J4. Ọ̀pọ̀ èrò ọkọ̀ ni kò mọ̀ pé erin ṣì ń gbé ibẹ̀, àtìnàkí, àtọ̀bọ tí ọ̀fun rẹ̀ funfun.

Láti 1925 ni ìjọba ti ya igbó náà sọ́tọ̀. Ní 1977, UNESCO fi í kún àwọn igbó tí ayé ń dáàbò bò. Lórí ìwé, ó lé ní 1,300 kìlómítà níbùú lóòró. Ṣùgbọ́n àwọn agégẹdú, oko kòkó àti igi Gmelina tí wọ́n gbìn rẹpẹtẹ fún iṣẹ́ bébà ti jẹ púpọ̀ nínú rẹ̀.

Níbo ni ewu wà? Igbó Omo àti igbó Oluwa ní Òǹdó fara kanra, oko àti títì ló ń gé wọn sí wẹ́wẹ́. Erin a máa rìn jìnnà wá oúnjẹ àti omi. Tí ọ̀nà rẹ̀ bá já, oko ẹ̀gẹ́ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló máa yà sí. Àgbẹ̀ jẹ gbèsè, erin jẹ ìbọn. Bẹ́ẹ̀, nǹkan bí oṣù 22 ni abo erin fi ń lóyún, èyí tó bá kú kì í tètè rí arọ́pò. Ní 2021, àjọ IUCN ní díẹ̀ ló kù kí erin inú igbó tán.

Oògùn rẹ̀ ni ọ̀nà ẹranko, ìyẹn igbó tẹ́ẹ́rẹ́ tó so igbó ńlá kan mọ́ òmíràn. Ohun àkọ́kọ́ ni kí wọ́n má gé èyí tó kù, pàápàá ti etí odò. Lẹ́yìn náà ni gbígbin igi ilẹ̀ yìí: ìrókò, arère, afàrà, ọ̀gànwó. Erin fúnra rẹ̀ yóò ràn wọ́n lọ́wọ́: ó ń jẹ èso, títí kan ti igi àpọ̀n, ó sì ń yàgbẹ́ kóró rẹ̀ síbi tó jìnnà, níbi tó ti máa hù.

Àwọn ẹ̀ṣọ́ wà nínú igbó Omo báyìí, àwọn kan lára wọn sì ti ṣe ọdẹ rí. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ nìkan kò tó. Àgbẹ̀ tí wọ́n bá ní kó fi ilẹ̀ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ rí nǹkan mìíràn jẹ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò padà gé igi tí wọ́n gbìn. Igi kan kì í dá igbó ṣe. Igbó kan ṣoṣo náà kò lè tó erin.