Ilé Ìṣọ́ Ọba Méjì

Nínú Ìwé ti Mọ́mọ́nì, tí Joseph Smith tẹ̀ jáde ní ìpínlẹ̀ New York lọ́dún 1830, ọba méjì kọ́ ilé ìṣọ́. Bẹ́ńjámínì kọ́ tirẹ̀ ní Sarahẹ́múlà nítorí pé èrò tó pé jọ pọ̀ ju ohun tí ògiri tẹ́ńpìlì lè gbà, ó sì fẹ́ kí wọ́n gbọ́ òun; nígbà tó rí i pé ohùn rẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ gbogbo wọn, ó ní kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, kí wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí àwọn tí kò gbọ́. Nóà, ní ilẹ̀ Líháì-Nífáì, kọ́ tirẹ̀ ga fíofío kó lè máa dúró lókè wo ilẹ̀ yíká. Ó rọrùn láti ka ìtàn méjèèjì kí a sì sọ pé ọba rere ṣe é fẹ́, ọba búburú kò ṣe é fẹ́. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ ìwé náà le ju bẹ́ẹ̀ lọ: ó ń sọ pé ìwà rere ọba fúnra rẹ̀ kò tó ohun tí ìlú lè fẹ̀yìn tì.

Ẹ wo Nóà. Ìdá kan nínú márùn-ún ohun ìní àwọn ènìyàn ló ń gbà: wúrà, fàdákà, irin, ọkà, ẹran àbọ́pa. Òun ló fi kọ́ ààfin, tó fi ń bọ́ àwọn ìyàwó, àwọn àlè àti àwọn àlùfáà tuntun tó yàn rọ́pò ti bàbá rẹ̀. Wòlíì Ábínádì bá a wí, Nóà sì dáná sun ún. Nígbà tó yá, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Gídíónì yọ idà tẹ̀ lé e dé orí ilé ìṣọ́ yẹn gan-an. Ibẹ̀ ni ọba ti tajú kán rí ọmọ ogun àwọn ará Lámánì, ọ̀tá wọn, ló bá bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀mí ara rẹ̀, ó ní torí ará ìlú ni. Gídíónì dá a sí. Àmọ́ bí wọ́n ti ń sá lọ tí ọ̀tá ń bá wọn, Nóà yìí kan náà ló pàṣẹ pé kí àwọn ọkùnrin fi ìyàwó àti ọmọ wọn sílẹ̀. Àwọn tó gbọ́ràn sí i lẹ́nu ló padà dáná sun ún. Límháì ọmọ rẹ̀ jẹ́ olódodo, síbẹ̀ ìdajì ohun tí ìlú ń rí lọ́dọọdún ni wọ́n ń san fún àwọn ará Lámánì. Bàbá ti kú, gbèsè rẹ̀ kò kú, ìwà rere ọmọ kò sì lè san án tán.

Ìtàn yìí ni Mòsíà, ọmọ Bẹ́ńjámínì tó jọba lẹ́yìn rẹ̀, ní kí wọ́n kà sí etí gbogbo ènìyàn rẹ̀. Bẹ́ńjámínì ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́ kí owó orí má baà wọ ìlú lọ́rùn. Mòsíà náà ro oko bíi tirẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ Mòsíà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọ adé, tí wọ́n fẹ́ lọ wàásù, ó kọ̀wé sí ìlú pé bí a bá lè máa rí irú Bẹ́ńjámínì nígbà gbogbo, kí ọba máa jẹ. Ṣùgbọ́n ta ni yóò ṣe onídùúró? Láìsí ìtàjẹ̀sílẹ̀, ọba búburú kì í kúrò lórí oyè. Nítorí náà kí ohùn àwọn ènìyàn máa yan adájọ́, kí àwọn adájọ́ kéékèèké sì lè dá adájọ́ àgbà tó bá ṣìnà lẹ́jọ́.

Àwọn kan lè ní ìṣèlú Amẹ́ríkà ayé Joseph Smith ni ìwé náà wọ̀ láṣọ àtijọ́. Lọ́dún 1976 ni Richard Bushman, òpìtàn tó jẹ́ ọmọ ìjọ Mọ́mọ́nì, fèsì pé ìjọba àwọn adájọ́ yìí kò jọ ti Amẹ́ríkà tó bí a ti rò. Ọmọ sábà máa ń gba ipò adájọ́ àgbà lẹ́yìn bàbá. Ọba Lámánì kan tilẹ̀ wà níbẹ̀ tó fi àṣẹ ọba dáàbò bo àwọn oníwàásù. Àwọn onígbàgbọ́ gba ìwé náà ní ìtàn tòótọ́, ọ̀pọ̀ awalẹ̀pìtàn kò gbà. Àwọn méjèèjì lè gbé àròjinlẹ̀ Mòsíà wò.

Àtakò tó wúwo jù ni pé àwọn adájọ́ náà kò mú àlàáfíà wá. Òótọ́ ni. Ní ọdún karùn-ún wọn, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ámílísì fẹ́ jọba, ìbò àwọn ènìyàn kọ̀ ọ́, ó sì gbé ogun dìde. Nígbà tó pẹ́, wọ́n pa adájọ́ àgbà kan, orílẹ̀-èdè náà sì fọ́ sí ẹ̀yà ẹ̀yà. Ṣùgbọ́n Mòsíà kò ṣèlérí pé ènìyàn kò ní yan ibi. Ó kìlọ̀ pé bí ọ̀pọ̀ bá yàn án, ìparun ń bọ̀. Ohun tó fẹ́ ni kí olúkúlùkù máa ru ẹ̀bi ara rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má tún lè sọ bí àwọn ọkùnrin tó fi ìyàwó wọn sílẹ̀ pé ọba ló pàṣẹ. Ó kú ní ẹni ọdún 63, lẹ́yìn ọdún 33 lórí ìtẹ́, láìfi adé lé ẹnikẹ́ni lórí.