Gìtá Tó Ń Bú Ramúramù: Àyídópin Kọ́ Ló Ń Mú Un Dún

Lálẹ́ ọjọ́ kẹfà mọ́jú ọjọ́ keje, oṣù kẹta, ọdún 1971, èrò ya bo gbàgede Black Star nílùú Accra bí omi. Ghana ń ṣàjọ̀dún ọdún kẹrìnlá òmìnira rẹ̀, àwọn olórin Amẹ́ríkà bíi Wilson Pickett, Ike àti Tina Turner sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n gìtá Carlos Santana, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, ló yàtọ̀. Bó bá ta okùn kan, ohùn rẹ̀ kì í tètè kú. Á máa fà, á máa han. Òótọ́ ni pé àwọn ẹgbẹ́ bíi Magic Aliens ti ń dán irú rẹ̀ wò ní Accra, àmọ́ lẹ́yìn alẹ́ náà, ọ̀pọ̀ olórin ibẹ̀ ló fẹ́ kí gìtá tiwọn náà bú.

Bẹ́ẹ̀, gìtá háílàìfù tí wọ́n jogún tòrò bí omi àfòwúrọ̀pọn ni. Àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ ni wọ́n fi ń ta á, tí okùn kọ̀ọ̀kan ń sọ tẹnu rẹ̀.

Àléébù ni bíbú yìí níbẹ̀rẹ̀. Bí ohun tó ń ti ara gìtá wọ ampilifáyà bá ju agbára rẹ̀ lọ, orí ìgbì ohùn náà á gé pẹrẹsẹ, híhan á sì dé. Dave Davies ti ẹgbẹ́ Kinks ní Lọ́ńdọ̀nù tilẹ̀ fi abẹ ya sípíkà rẹ̀ kí ó tó rí i lọ́dún 1964. Owó ńlá lẹlòmíì ń san fún un lónìí! Láàárín ọdún 1990 sí 1999, Nirvana ti ìpínlẹ̀ Washington sọ ọ́ di ti gbogbo ayé. Creed àti Nickelback tó tẹ̀lé wọn wá jẹ́ kó tún ki sí i.

Ibi tí ọ̀dọ́ olórin ti ń ṣìnà rèé. Ó gbọ́ ọ lórí àwo, ó yí bọ́tìnnì gain dé òpin, ó fa ohùn àárín walẹ̀ pátápátá, ó bu ohùn ìsàlẹ̀ kún un. Nínú yàrá rẹ̀, bí ẹni pé òrùlé fẹ́ ṣí. Kó bá ẹgbẹ́ dórí ìtàgé ni wàhálà: ìlù àti gìtá béèsì á gbé e mì, ariwo bí ti oyin ló máa kù. Ohùn àárín tó fà walẹ̀ yẹn gan-an ni etí fi ń dá gìtá mọ̀.

Kíki tó ń gbọ́ lórí àwo kì í sábà jẹ́ ti gain nìkan. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n máa ń ta ohun kan náà sílẹ̀, ọ̀kan fún etí ọ̀tún, ọ̀kan fún tòsì.

Ẹni tí háílàìfù tọ́ dàgbà tún ní ìṣòro tirẹ̀. Kọ́ọ̀dù aládùn olóhùn mẹ́ta tàbí mẹ́rin á dàrú mọ́ra wọn bí gain bá pọ̀. Ìdí nìyí tí àwọn onírọ́ọ̀kì fi ń mú ohùn méjì péré, ìkíní àti ìkarùn-ún, tí wọ́n sì ń fi ẹ̀gbẹ́ àtẹ́lẹwọ́ di okùn náà díẹ̀ nídìí kó má baà máa hó kiri.

Kí ó ta kọ́ọ̀dù kan, kí ó máa dín gain kù díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi gbọ́ okùn kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ó sì dá ohùn àárín padà sáyè rẹ̀. Ibẹ̀ ni kí ó ti pe onílù wọlé.