Àdàlù Ló Ń Sọ Nǹkan Di Ìdọ̀tí

Ẹ wo korobá ìdalẹ̀sí tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná ní ilé kan ní Mushin l'Ékòó tàbí ní Mọ́kọ́lá n'Íbàdàn nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú lọ. Èèpo iṣu ni wọ́n kọ́kọ́ jù sí i láàárọ̀. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà mẹ́fà tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni ike ọtí ẹlẹ́ríndòdò kan, agolo wàrà, páálí bisikíìtì àwọn ọmọ, àti egungun ẹja. Nígbà tó di alẹ́, wọ́n da ìyókù ọbẹ̀ ilá tó ti kan lé gbogbo rẹ̀ lórí. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, kò sí ọ̀kan nínú àwọn nǹkan wọ̀nyí tí kò ní ẹni tó lè gbà á: ewúrẹ́ yóò jẹ èèpo iṣu, ẹni tó ń ra ike yóò ra ike, oníkọ́ńdẹ́ẹ̀mù yóò gba agolo, páálí sì gbẹ débi pé a lè fi ko iná. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọbẹ̀ ti rin gbogbo wọn, kò sẹ́ni tó fẹ́ fọwọ́ kàn wọ́n mọ́. Kí ló yí padà? Ike náà ṣì ni ike, èèpo iṣu ṣì ni èèpo iṣu. Inú korobá kan ṣoṣo ni wọ́n ti bá ara wọn pàdé. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju èyí lọ: àdàlù ló ń sọ ọ̀pọ̀ nǹkan tó ń jáde nínú ilé wa di ìdọ̀tí, ilé ìdáná sì ni àdàlù náà ti ń bẹ̀rẹ̀, kó tó dé orí ààtàn ìjọba.

Àwọn kan yóò ní àwọn bàbá wa kò ya ohunkóhun sọ́tọ̀, pé ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ń da ilẹ̀ sí, ayé wọn sì tòrò. Lóòótọ́, ààtàn kì í kọ ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ohun tí wọ́n ń dà síbẹ̀. Ewé ni wọ́n fi ń pọ́n ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín, igbá ni wọ́n fi ń bu omi mu, apẹ̀rẹ̀ ni wọ́n fi ń ná ọjà. Èyí tó wúlò kì í tilẹ̀ dé ààtàn: èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà àti èèpo kòkó ń di eérú tí wọ́n fi ń se ọṣẹ dúdú, èèpo iṣu ń lọ sọ́dọ̀ ẹran ọ̀sìn. Ìyókù ń jẹrà, ilẹ̀ ibẹ̀ sì ń dúdú, ó ń lọ́ràá, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀fọ́ tó bá lalẹ̀ hù níbẹ̀ máa ń yọ ju èyí tí a gbìn lóko lọ. Kò sí àgbẹ̀ tí kò mọ̀ pé ajílẹ̀ wà nínú ilẹ̀ ààtàn. Àṣà dída ilẹ̀ nù kò yí padà láti ìgbà náà, ohun tí à ń dà nù ló yí padà. Ọ̀rá omi tó gbòde kan láàárín àwọn ọdún 1990 kì í jẹrà bí ewé. Ńṣe ló máa ń ya sí wẹ́wẹ́, tí yóò sì wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nítorí náà, ẹni tó bá fi àwọn bàbá wa ṣe àwíjàre, ọ̀rọ̀ mi gan-an ló ń gbè lẹ́yìn, torí pé wọ́n mọ ibi tí nǹkan kọ̀ọ̀kan ń lọ.

Àjọ akólẹ̀kódọ̀tí ìpínlẹ̀ Èkó, LAWMA, máa ń sọ pé ìdọ̀tí tó ń jáde ní ìpínlẹ̀ náà tó tọ́ọ̀nù 13,000 lójoojúmọ́. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń lọ sí ààtàn Olúṣosùn ní Ọjọ́ta láti ọdún 1992. Ẹ̀yìn ìlú ni ibẹ̀ nígbà náà, ṣùgbọ́n ìlú ti gbòòrò yí i ká, ó ti wà láàárín ilé àti ọ́fíìsì báyìí. Ní oṣù kẹta ọdún 2018, iná ṣẹ́ yọ níbẹ̀, ó jó fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, èéfín sì bo àwọn àdúgbò tó yí i ká, títí ìjọba fi ti ibẹ̀ pa fún ìgbà díẹ̀. Bí irú iná bẹ́ẹ̀ ṣe ń rí ohun jẹ yẹ kí gbogbo ilé mọ̀. Ó lé ní ìdajì ìdọ̀tí ilé nílẹ̀ wa tó jẹ́ èèpo, ewé àti ìyókù oúnjẹ. Tí èyí bá wà lórí ilẹ̀ níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ sí i, á jẹrà, á sì di ilẹ̀. Tí a bá rì í mọ́lẹ̀ lábẹ́ òkìtì níbi tí atẹ́gùn kò dé, gáàsì tí wọ́n ń pè ní mẹ́tẹ́ènì ni yóò máa mú jáde. Gáàsì yìí ń gba iná, ó sì ń mú ayé gbóná ju èéfín kábọ́nù lọ ní ìlọ́po tó lé ní 25. Ọ̀rá àti ike tó wà láàárín òkìtì náà ló wá ń di epo fún iná. Èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tútù kì í jó bí ike, ike nìkan kò sì lè dá gáàsì sílẹ̀. Nígbà tí àwọn méjèèjì bá jọ wà lójú kan ni iná ń burú jù.

Ní Ìbàdàn, omi ló fi ìyà ìdọ̀tí hàn wá. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún àkúnya, ó sì pa ènìyàn tó lé ní 200. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, omi tún ya wọ ìlú, ẹ̀mí tó bá a lọ lé ní 100. Mi ò ní sọ pé ìdọ̀tí nìkan ló fà á: òjò ọjọ́ méjèèjì pọ̀ rékọjá, àwọn èèyàn sì ti kọ́lé sójú ọ̀nà omi. Síbẹ̀, odò tí ọ̀rá àti ike ti dí lọ́fun kò ní ibi tí yóò gbà ju inú ilé lọ. Ìyókù oúnjẹ tó wà nínú ìdọ̀tí kan náà ló ń pe eku. Ìlú Ọ̀wọ̀ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó mọ ohun tí eku lè kó wọlé, nítorí ibà Lassa tí irú eku kan ń gbé kiri ti ń ṣe ọṣẹ́ níbẹ̀ lọ́dọọdún fún ìgbà pípẹ́. Inú gbogbo agolo tó bá gba omi òjò dúró lẹ́yìnkùlé ni ẹ̀fọn sì ti ń yé ẹyin.

Ẹ jẹ́ ká wá mú ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan ṣoṣo. Eyín la fi ń ya igun rẹ̀, a ó fa omi inú rẹ̀ mu, a ó sì jù ú nù kí ìṣẹ́jú méjì tó pé. Tí ẹ bá gbọn ìkán omi tó kù nínú rẹ̀ dànù, tí ẹ sì fi há orí okùn aṣọ fún wákàtí kan, ó ti di ọ̀rá gbígbẹ tó mọ́, tí ẹ lè kì sínú àpò ìrẹsì tó ti ṣófo. Kílò ni wọ́n fi ń rà á. Ilé iṣẹ́ yóò fọ̀ ọ́, yóò gé e wẹ́wẹ́, yóò yọ́ ọ, yóò sì sọ ọ́ di hóró kéékèèké tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀rá tuntun tí a fi ń di ọjà. Bí ti ike omi náà ṣe rí nìyẹn. Wọ́n tilẹ̀ ń sọ òmíràn nínú rẹ̀ di òwú tí wọ́n ń kì sínú ìrọ̀rí. Ṣùgbọ́n ọ̀rá tí epo àti iyẹ̀pẹ̀ ti bò ń jẹ omi àti ọṣẹ púpọ̀ kó tó mọ́, nítorí náà ẹni tó ń rà á yóò já owó rẹ̀ tàbí kó kọ̀ ọ́. Ìyókù ọbẹ̀ tí a dà lé e lórí ló jẹ owó náà. Mi ò tan ẹnikẹ́ni pé èyí yóò sọ ìdílé kan di ọlọ́rọ̀. Ọ̀rá fúyẹ́, ó gba ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún rẹ̀ kó tó pé kílò kan. Ó wúlò jù tí àgbàlá kan tàbí àdúgbò kan bá pa á pọ̀. Ilé iṣẹ́ Wecyclers, tí Bilikiss Adebiyi-Abiola dá sílẹ̀ l'Ékòó ní ọdún 2012, rí èyí kedere: kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi ń gba inú àwọn àdúgbò tí ọkọ̀ ńlá kò lè wọ̀, wọ́n ń wọn ike àti ọ̀rá tó ti wà ní yíyà sọ́tọ̀, wọ́n sì ń fún ilé kọ̀ọ̀kan ní máàkì tí wọ́n lè fi gba nǹkan ìlò ilé. Ní Ajégúnlẹ̀, ilé-ìwé kan ti gba ike lọ́wọ́ òbí gẹ́gẹ́ bí owó ilé-ìwé ọmọ.

Àtakò tó lágbára jù tí mo mọ̀ ni èyí: kí ni àǹfààní yíyà á sọ́tọ̀, nígbà tí ọkọ̀ akólẹ̀ PSP bá dé tí yóò da gbogbo rẹ̀ pọ̀? Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó sọ ọ́ ti gbà tẹ́lẹ̀ pé ọkọ̀ PSP ni gbogbo nǹkan gbọ́dọ̀ bá lọ. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń rà á ni ike gbígbẹ ń lọ, bóyá ọmọlanke ló fi ń kó o tàbí àpò ló gbé kọ́ èjìká. Èèpo ń lọ sínú ilẹ̀ tàbí sẹ́nu ẹran. Ohun tó kù fún ọkọ̀ akólẹ̀ ni ìlédìí àwọn ọmọ, aṣọ tó ti gbó, àti àwọn wóróbo tí kò ní olùgbà, wọn kò sì ní tó àpò kan níbi tí mẹ́ta ti ń kún tẹ́lẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tí ọkọ̀ náà kò bá wá, ilé yín kò ní máa rùn.

Wọ́n á tún ní iṣẹ́ ìjọba ni. Ìjọba ní iṣẹ́ lóòótọ́, kí a má ṣe jẹ́ kó bọ́ lọ́rùn rẹ̀. L'Ékòó, wọ́n fòfin de ike fóòmù tí wọ́n fi ń di oúnjẹ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, ó sì dára. Ó sì yẹ kí àwọn tó ń ṣe omi inú ọ̀rá fi owó wọn kó ọ̀rá náà padà. Ṣùgbọ́n a ti rí ohun tí àṣẹ nìkan lè ṣe. Láti ọdún 1984 ni wọ́n ti ní ká dúró sílé ní Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù, láti aago méje sí mẹ́wàá, ká máa gbálẹ̀, títí Èkó fi dá a dúró ní ọdún 2016. Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ẹrẹ̀ àti ọ̀rá la jọ ń wà jáde nínú gọ́tà, ẹ̀bá rẹ̀ náà la kó wọn jọ sí, òjò àkọ́kọ́ sì gbá wọn padà síbi tí wọ́n ti wá. Ẹni tó ń gbé ní yàrá kan nínú ilé tí ayálégbé mẹ́wàá jọ ń lo ilé ìdáná kan yóò sọ pé òun kò láàyè. Àpò kan tí a so kọ́ ògiri kò gba àyè, àpò kan ṣoṣo sì lè tó ilé náà bí onílé bá gbé e kọ́. Mo gbà pé onílé tó ń gba owó kíkó ilẹ̀ lọ́wọ́ ayálégbé jẹ wọ́n ní korobá kejì.

Ní ti sísun ìdọ̀tí, kò yanjú nǹkan kan. Èéfín ọ̀rá àti ike ní májèlé nínú, àwọn ọmọ tó ń ṣeré lágbàlá ló sì ń fà á símú. Eérú tó ti ní ike nínú kò ṣeé dà sídìí ẹ̀fọ́ mọ́ bí eérú igi.

Èèpo kò le tọ́jú. Ẹni tó ní ẹ̀yìnkùlé, kó gbẹ́ kòtò tó jìn dé orúnkún, kó máa fi ewé gbígbẹ bo ohun tó bá dà síbẹ̀ lójoojúmọ́, kó sì máa rò ó lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Kó má da ẹran, egungun tàbí epo sí i, kí eku má bàa yọjú. Láàárín oṣù méjì sí mẹ́ta, yóò dúdú, yóò sì máa rùn bí ilẹ̀ lẹ́yìn òjò. Ẹni tó ń gbé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kó wá ẹni tó ń sin ewúrẹ́ ládùúgbò. Irú wọn wà ní ọ̀pọ̀ àdúgbò Yorùbá, àwọn olóúnjẹ sì ti ń kó èèpo iṣu fún wọn tipẹ́. Èèpo ẹ̀gẹ́ nìkan ni kí wọ́n kọ́kọ́ sá kí ẹran tó jẹ ẹ́.

Tẹ́ ẹ bá máa se iṣu lálẹ́ òní, ẹ gbé korobá kejì kalẹ̀ kẹ́ ẹ tó mú ọ̀bẹ. Èyí tó ní ìdérí ni kẹ́ ẹ fi ṣe ti èèpo.