Oníṣòwò tó ń lọ sí Ṣáínà, ẹ fi àmì sẹ́nu ọ̀nà kẹ́ ẹ tó jáde

Bí oníṣòwò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú Guangzhou, lórílẹ̀-èdè Ṣáínà, ọjà kọ́ ni yóò kọ́kọ́ dà á láàmú, ọ̀nà ni. Ọjà pọ̀ níbẹ̀ ju ohun tí ojú lè wò tán lọ: bàtà, báàgì, aṣọ, wíìgì, ẹ̀yà ara mọ́tò. Àmọ́ ohun tí wọ́n kọ síwájú ọ̀pọ̀ ilé ìtajà kì í ṣe ohun tí ọmọ Èkó lè kà, ọ̀pọ̀ awakọ̀ takisí ni kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ilé gogoro tó wà lọ́tùn-ún kò sì yàtọ̀ sí èyí tó wà lósì.

Ẹ fojú inú wo oníṣòwò kan tó ń ta báàgì ní ọjà Balógun. Éjéńtì fi mọ́tò gbé e dé ilé iṣẹ́ kan lẹ́yìn ìlú, ó rí báàgì, ó wù ú, ó san ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún owó ọjà náà sílẹ̀, ó sì pa dà sí òtẹ́ẹ̀lì. Nígbà tó yá, wọ́n ní ọjà ti ṣe tán, kó wá san ìyókù. Ó fẹ́ lọ fojú ara rẹ̀ yẹ ọjà náà wò kí wọ́n tó kó o sínú kọntéínà, àmọ́ éjéńtì kò gbé fóònù rẹ̀ mọ́. Àdírẹ́sì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, èdè Ṣáínà ni wọ́n fi kọ ọ́, orúkọ òpópónà nìkan ló wà níbẹ̀, kò sí nọ́ńbà ilé. Bó bá sanwó láìyẹ ọjà wò, tẹ́tẹ́ ló ta yẹn. Bó bá sì kọ̀ tí kò sanwó, àsansílẹ̀ rẹ̀ lè wọgbó. Bẹ́ẹ̀, ohun tí ì bá yọ ọ́ nínú wàhálà náà kò ju kó tẹ bọ́tìnnì kan ṣoṣo lẹ́nu géètì ilé iṣẹ́ náà lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ débẹ̀.

Bọ́tìnnì ọ̀hún wà lára ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní GPS. Ẹ̀rọ atọ́nà tí wọ́n ń mú lọ́wọ́ ni, kò tóbi ju fóònù àtijọ́ lọ, bátìrì kékeré méjì, irú èyí tí wọ́n ń kì bọ rìmóòtù tẹlifíṣàn, sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lò. Garmin, ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1989, wà lára àwọn tí orúkọ wọn gbajúmọ̀ jù nídìí iṣẹ́ yìí. Ọdún 2000 ni wọ́n gbé eyí tí wọ́n ń pè ní eTrex jáde, wọ́n sì ṣì ń ṣe oríṣiríṣi rẹ̀.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ṣòro láti yé ènìyàn. Amẹ́ríkà gbé sátẹ́láìtì tó lé ní ogún sójú òfurufú, wọ́n sì ga tó nǹkan bíi kìlómítà 20,000 sí ilẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń kéde ibi tó wà àti ohun tí aago wí. Ẹ̀rọ tó wà lọ́wọ́ yóò gbọ́ ìkéde mẹ́rin, ó kéré tán, yóò ṣírò bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe pẹ́ tó lọ́nà, yóò sì fi mọ ibi tí òun wà. Kò nílò síìmù, kò nílò dátà, ẹnikẹ́ni kì í sì í sanwó oṣù fún un.

Àwọn ológun Amẹ́ríkà ló dá iṣẹ́ náà sílẹ̀, ọdún 1978 sì ni sátẹ́láìtì àkọ́kọ́ gòkè. Lọ́dún 1983, lẹ́yìn tí ọkọ̀ òfurufú akérò ilẹ̀ Korea kan ṣìnà wọ ojú òfurufú Soviet tí wọ́n sì já a bọ́, Ààrẹ Ronald Reagan ṣèlérí pé aráàlú yóò máa lò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Síbẹ̀, títí di oṣù karùn-ún, ọdún 2000, ńṣe ni wọ́n ń mọ̀ọ́mọ̀ ba ìkéde tí aráàlú ń gbọ́ jẹ́ díẹ̀, tó fi jẹ́ pé ẹ̀rọ lè fi nǹkan bíi mítà 100 ṣìnà. Ìgbà tí Ààrẹ Bill Clinton ní kí wọ́n dáwọ́ rẹ̀ dúró ni ẹ̀rọ ọwọ́ tó di ohun tó lè tọ́ka sí ẹnu ọ̀nà ilé. Ní gbangba, àṣìṣe rẹ̀ kì í sábà ju mítà mélòó kan lọ.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣì í lò nìyí: wọ́n rò pé ẹ̀rọ náà mọ ibi tí àwọn ń lọ. Kò mọ̀ ọ́n. Ibi tí ènìyàn wà ló mọ̀. Ẹni tó bá ti sọnù kó tó tan tirẹ̀, nọ́ńbà ibi tó dúró sí ni yóò rí. Kò ní rí òtẹ́ẹ̀lì rẹ̀ níbẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó sọ fún ẹ̀rọ náà pé òtẹ́ẹ̀lì wà níbì kan. Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ló máa gbẹ. Orísun ló yẹ kí oníṣòwò kọ́kọ́ fi han ẹ̀rọ rẹ̀.

Nítorí náà, láàárọ̀ ọjọ́ kìn-ín-ní, kẹ́ ẹ tó bá éjéńtì lọ síbì kankan, ẹ jáde síwájú òtẹ́ẹ̀lì, níbi tí ojú ọ̀run ti hàn dáadáa, kẹ́ ẹ tan ẹ̀rọ náà, kẹ́ ẹ sì dúró sójú kan. Èkó ni wọ́n ti pa á, ó sì ti rin ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún kìlómítà láìmọ̀, nítorí náà ó lè gbà á ní ìṣẹ́jú mélòó kan kó tó mọ̀ pé òun ti kúrò nílé. Nọ́ńbà méjì ló máa ń fi sọ ibi tó wà. Ní Èkó, 6 àti 3 ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Láàárín ìlú Guangzhou, 23 àti 113 ni. Bẹ́ ẹ bá ti rí 23 àti 113, ẹ̀rọ ti mọ ibi tó wà nìyẹn. Ẹ tẹ bọ́tìnnì tó ń fi àmì pamọ́, kẹ́ ẹ fún àmì náà lórúkọ, kẹ́ ẹ sì kọ nọ́ńbà méjèèjì sínú ìwé, torí ẹ̀rọ náà lè sọnù.

Ohun kan náà ni kẹ́ ẹ ṣe lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì éjéńtì, lẹ́nu géètì ilé iṣẹ́ tẹ́ ẹ sanwó fún, àti níbi tí wọ́n ti fẹ́ kó ẹrù yín jọ. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ pa dà síbẹ̀, ẹ mú orúkọ àmì náà, ọfà yóò jáde, yóò máa tọ́ka sí ọ̀nà ibẹ̀, yóò sì máa sọ bó ṣe kù tó.

Àmọ́ ọfà náà ń lọ tààrà bí ẹyẹ ni. Odò Pearl la ìlú Guangzhou kọjá. Pazhou, níbi tí ìpàtẹ ọjà Canton Fair tó ti bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1957 ti ń wáyé báyìí, wà lápá gúúsù odò, nígbà tí Xiaobei, àdúgbò tí ọ̀pọ̀ oníṣòwò ilẹ̀ Áfíríkà mọ̀ dáadáa, wà lápá àríwá. Ẹni tó bá ń tẹ̀ lé ọfà láti Pazhou lọ sí Xiaobei yóò kàn bá ara rẹ̀ létí omi ni. Ohun tó dára ni pé kẹ́ ẹ wọ takisí tàbí ọkọ̀ ojú irin, kẹ́ ẹ máa wo ọfà láti mọ̀ bóyá apá ibi tó yẹ lẹ̀ ń kọrí sí, kẹ́ ẹ sì wá fi ẹsẹ̀ tẹ̀ lé e nígbà tó bá ti kù díẹ̀. Bákan náà, àwọn kan tí owó wọn kò pọ̀ kò lè mọ ìhà tẹ́ ẹ kọjú sí bẹ́ ẹ bá dúró. Ẹ rìn díẹ̀, ọfà yóò wá dúró síbi tó yẹ.

Ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtàkì jù fún ẹni tó ń lọ sí Ṣáínà kù síbẹ̀. Ìjọba ilẹ̀ náà kò gbà kí máàpù tí aráàlú ń lò níbẹ̀ bá nọ́ńbà sátẹ́láìtì mu gẹ́lẹ́. Wọ́n ní ìlànà tiwọn, GCJ-02 ni wọ́n ń pè é, ó sì máa ń sún gbogbo nǹkan kúrò ní ààyè rẹ̀, láti bíi mítà 50 títí dé mítà 500 tàbí kó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn máàpù orí fóònù tí àwọn ará Ṣáínà ń lò, irú bíi Amap, ìlànà yìí ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Baidu tún sún tiẹ̀ síwájú sí i lórí ìyẹn.

Ohun tí èyí túmọ̀ sí nìyí. Bí ẹni tó ń tajà fún yín bá wo fóònù rẹ̀, tó ka nọ́ńbà ibi tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà fún yín, tẹ́ ẹ sì tẹ nọ́ńbà náà sínú ẹ̀rọ tẹ́ ẹ gbé wá, àdúgbò mìíràn lẹ lè bá ara yín. Ọkùnrin náà kò purọ́, ẹ̀rọ yín kò sì bàjẹ́. Ìlànà méjì ló pàdé. Àmì tẹ́ ẹ bá fúnra yín dúró lẹ́nu géètì fi sílẹ̀ ni kì í yẹ̀, torí ẹ̀rọ kan náà tó fi í sílẹ̀ ló máa wá a. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ kí máàpù wà nínú ẹ̀rọ náà, OpenStreetMap, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2004, jẹ́ ọ̀fẹ́, ìlànà sátẹ́láìtì ló sì ń tẹ̀ lé, títí kan ti ilẹ̀ Ṣáínà.

Ẹ má jẹ́ kó di àṣejù. Òfin ilẹ̀ Ṣáínà, èyí tí wọ́n tún ṣe lọ́dún 2002 àti lọ́dún 2017, kò gba àlejò láyè láti máa wọn ilẹ̀ láìgbàṣẹ. Àmì òtẹ́ẹ̀lì àti ti ọjà mélòó kan kò jọ iṣẹ́ awọnlẹ̀, àmọ́ ẹni tó bá ń fi àmì sí gbogbo ìkóríta, tàbí tó tan ẹ̀rọ nítòsí bárékè ológun, ẹjọ́ ló ń wá. Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú àwọn ẹ̀rọ tó tún ń fi sátẹ́láìtì ránṣẹ́ sí ènìyàn. Ní Íńdíà, ẹni tí kò gba ìwé àṣẹ kò gbọ́dọ̀ gbé irú rẹ̀ wọlé, ọlọ́pàá sì ti mú àlejò ní pápákọ̀ òfurufú ibẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí lọ́dún 2024.

Àwọn ibì kan tún wà tí ẹ̀rọ yìí kò ti wúlò. Nínú ilé ìtajà alájà púpọ̀, kì í gbọ́ sátẹ́láìtì dáadáa. Láàárín àwọn ilé gogoro, ìkéde máa ń lu ògiri kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó sì lè ṣìnà díẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ọjà ló lè mú yín dé. Nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù àti àjà tó wà, inú ìwé lẹ máa kọ ọ́ sí.

Ṣé fóònù kò lè ṣe gbogbo èyí ni? Ó lè ṣe ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀. Fóònù olóye náà ń gbọ́ sátẹ́láìtì láìsí síìmù, bẹ́ ẹ bá sì ti gba máàpù sínú rẹ̀ láti ilé, yóò ṣiṣẹ́. Ẹni tó ń lọ sí London tàbí Dubai kò nílò kó tún náwó sórí ẹ̀rọ mìíràn. Ọ̀rọ̀ Ṣáínà ló yàtọ̀ díẹ̀. Wọ́n ti dí ọ̀nà mọ́ Google níbẹ̀, fóònù yìí kan náà ni oníṣòwò fi ń ya fọ́tò ọjà, òun ló fi ń bá éjéńtì sọ̀rọ̀, òun náà ló fi ń sanwó. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ṣájì rẹ̀ ti lè tán, àsìkò tí wọ́n nílò ọ̀nà òtẹ́ẹ̀lì gan-an sì nìyẹn. Ẹ̀rọ GPS tí ń lo bátìrì méjì lè ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí ogún wákàtí, bí bátìrì bá sì tán, ẹ ó rí òmíràn rà ní ṣọ́ọ̀bù.

Ojúlówó tí owó rẹ̀ kéré jù máa ń ju dọ́là 100 lọ. Ẹni tó ń lọ lẹ́ẹ̀kan péré lè yá ti ẹlòmíràn, tàbí kí ẹni mẹ́ta dáwó ra ẹyọ kan. Ẹni tó ń lọ lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún ni kó fi owó náà wé àsansílẹ̀ tó máa ń wà lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ ọ̀nà ilé rẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó wọkọ̀ òfurufú, ẹ fi dánra wò ní Èkó. Ẹ fi àmì sẹ́nu ọ̀nà ilé, ẹ gba ọjà lọ, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí ẹ̀rọ náà mú yín pa dà gba ọ̀nà tẹ́ ẹ kò gbà rí. Ọjọ́ tí ènìyàn ń wá géètì ilé iṣẹ́ kiri pẹ̀lú owó àṣẹ́kù lápò kọ́ ló yẹ kó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ bọ́tìnnì tó yẹ ní títẹ̀.