Bàálù ológun tó balẹ̀ láìsí awakọ̀

Ní ọjọ́ 2 oṣù kejì ọdún 1970, bàálù ológun F-106 kan ń pòòyì bọ̀ wálẹ̀ ní Montana, l'Amẹ́ríkà. Apá Gary Foust tó ń wà á kò ká a mọ́, ló bá fò jáde. Bó ṣe jáde tán ni bàálù yìí tún ara rẹ̀ ṣe! Ìwọ̀n rẹ̀ ti yí padà, ó dúró déédéé, ó sì fi ikùn balẹ̀ sórí pápá tí yìnyín bò, nítòsí Big Sandy. Ẹ́ńjìnnì ṣì ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ọlọ́pàá débẹ̀, bàálù ń wọ́ lọ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n dúró títí epo fi tán (ta ni yóò dá wọn lẹ́bi?). Foust yè. Wọ́n tún bàálù náà ṣe, ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ní báyìí, ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn ọmọ ogun òfurufú ní Dayton, Ohio, ló wà.