Ọfà Méjì Wọ Àpótí Kan: Bí A Ṣe Ń Ka Àwòrán Iṣẹ́ Nínú Ìdánwò UML

Ọfà méjì ló wọ inú àpótí kan. Ṣé bí ọ̀kan bá ti dé, iṣẹ́ inú àpótí náà lè bẹ̀rẹ̀, àbí dandan ni kí méjèèjì dé? Ìbéèrè tí ọ̀kan nínú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ fi ránṣẹ́ sí mi nìyẹn. Ó ń múra sílẹ̀ fún OCUP 2, ìdánwò tí àjọ OMG fi ń jẹ́rìí ẹni pé ó mọ UML dáadáa. Ó ní ẹ̀ẹ̀mẹta lòun ti gba irú ìbéèrè yìí nínú ìdánrawò, ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta lòun sì gbà á sódì, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ tuntun tí òun ń wá dúró lórí ìwé-ẹ̀rí náà. Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Ọ̀rọ̀ ‘àti’ pẹ̀lú ‘tàbí’ ló wà ńbẹ̀ o, ọjà tiwa ni.

UML ni èdè àwòrán tí àwọn tó ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà fi ń ṣàlàyé ohun tí ètò yóò ṣe. OMG gbà á wọlé ní 1997. Nínú àwọn àwòrán tó wà nínú rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní activity diagram ló ń sọ ohun tí a ó kọ́kọ́ ṣe, ohun tó tẹ̀ lé e, àti ibi tí ọ̀nà ti pín. Àpótí ni iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ọfà ló so wọ́n pọ̀. Ọfà lásán kò le fún ọmọ Yorùbá. Bí mo bá ní ‘Ó ra ẹran sè jẹ’, kò sẹ́ni tó máa bi mí pé èwo ló ṣáájú. Bí ọ̀rọ̀-ìṣe ṣe tò ni ìṣẹ̀lẹ̀ ṣe tò. Ibi tí ọfà bá ti ju ẹyọ kan lọ ni wàhálà wà.

Ohun tí ẹ máa fi sọ́kàn kí ẹ tó wo àwòrán kankan ni ohun tí ìwé òfin UML ń pè ní token. Èmi ń pè é ní tálì, bíi nọ́ńbà tí wọ́n ń fún yín ní ọsibítù kí ẹ tó rí dókítà. Tálì kan jáde láti ibi àmì ìbẹ̀rẹ̀, ìyẹn òbìrí dúdú, ó ń tọ ọfà lọ. Iṣẹ́ tí ó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ gbà á, ó ṣe tirẹ̀ tán, ó wá fi tálì lé orí ọfà tó jáde lára rẹ̀. Kò sí tálì, kò sí iṣẹ́.

Ọgbọ́n tálì yìí fara jọ èyí tí Carl Adam Petri, ará Jámánì, gbé kalẹ̀ nínú ìwé oyè dókítà rẹ̀ ní 1962. UML 2.0, tó jáde ní 2005, ló gbé activity diagram kà á. Ṣáájú ìgbà náà, irú state machine kan ni wọ́n kà á sí, bí ọfà méjì bá sì wọ inú iṣẹ́ kan, ‘tàbí’ ni. Láti UML 2, ‘àti’ ni. Àwòrán kan náà, ìtumọ̀ yí padà! Ẹ ṣọ́ra fún ìwé àtijọ́ tí wọ́n ń tà ní bọ̀ǹdà.

Ẹ jẹ́ ká wọ ilé ìdáná. Ìyá ní kí Bọ́lá máa se gbẹ̀gìrì, kí Kúnlé máa ro àmàlà. Ìlà kíki tó pín tálì kan sí méjì yẹn ni fork. Àwọn méjèèjì ń ṣiṣẹ́ lọ, kò sí èyí tó ń dúró de èkejì. Ìlà kíki tó ń gba ọfà méjì, tí ọ̀kan jáde lára rẹ̀, ni join: a ò ní bu oúnjẹ àfi bí ọbẹ̀ àti àmàlà bá délẹ̀. Dáyámọ́ńdì tó pín ọ̀nà ni decision: bí àlejò bá jẹ ata, ẹ gba ibí, bí kò bá jẹ ẹ́, ẹ gba ọ̀hún. Tálì kan, ọ̀nà kan ṣoṣo. Dáyámọ́ńdì tí ọ̀nà ti pàdé ni merge, òun kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ohun tó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó kọjá lọ.

Lójú tèmi, àwọn tó sọ ọ́ ní join àti merge kò ṣe wá lóore, torí nínú Gẹ̀ẹ́sì ojoojúmọ́, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Ẹ máa pe ti àkọ́kọ́ ní Dúródemí, kí ẹ pe èkejì ní Kọjálọ. Kò ní rú yín lójú mọ́.

Ó yá, ẹ wo ìdẹkùn tó mú akẹ́kọ̀ọ́ mi. Òbìrí dúdú ta ọfà sí ‘Tẹ pásíwọ́ọ̀dù’. Láti ibẹ̀, dáyámọ́ńdì: bó bá tọ̀nà, ‘Ṣí àkáǹtì’, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọfà padà sínú ‘Tẹ pásíwọ́ọ̀dù’. Ìbéèrè: ẹ̀ẹ̀melòó ni a óò tẹ pásíwọ́ọ̀dù? Ojú máa ń sọ pé ‘ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀kan’. Rárá o. Òdo ni. Ọfà méjì ló wọ àpótí náà, ó sì gbọ́dọ̀ rí tálì lórí méjèèjì. Ti ìbẹ̀rẹ̀ dé, ó jókòó. Èkejì kò lè dé láéláé, nítorí inú iṣẹ́ tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ yẹn gan-an ló ti máa jáde. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí a fi Kọjálọ síwájú àpótí náà, kí ọfà méjèèjì wọ inú rẹ̀, kí ẹyọ kan jáde.

Èkejì léwu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fork pín iṣẹ́ sí ‘Yẹ ọjà wò’ àti ‘Yẹ ìwé owó wò’. Ọ̀nà méjèèjì wá pàdé nínú merge, ọfà kan jáde lọ sí ‘San owó’. Tálì méjì ni fork dá, merge kò sì dá ìkankan dúró. Ẹ̀ẹ̀mejì ni owó máa jáde! Nínú ìdánwò, máàkì kan ló bá a lọ. Lẹ́nu iṣẹ́, owó ẹlòmíràn ni. Bí ẹ bá sì yí i padà, tí decision pín ọ̀nà tí join wá ń dúró de méjèèjì, kọ́bọ̀ kò ní jáde.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ìparí àwòrán kí ẹ tó kọ ‘ẹ̀ẹ̀mejì’ sílẹ̀. Òbìrí tó ní òbìrí dúdú nínú, activity final, máa ń pa gbogbo tálì tó kù lójú ẹsẹ̀ tí ọ̀kan bá dé ibẹ̀. Bí òun ló tẹ̀ lé ‘San owó’, ìsanwó kejì lè má tíì wáyé kí gbogbo rẹ̀ tó kú. Òbìrí tí wọ́n fa X sí nínú, flow final, tálì tó bá wọ inú rẹ̀ nìkan ló ń pa.

Nípa decision, ẹ má rò pé òkè lọ sí ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń ka àwọn àyẹ̀wò rẹ̀. Bí méjì bá jẹ́ òótọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan ṣoṣo ni tálì máa gbà, àwòrán kò sì sọ èwo. Bí kò bá sí èyí tó jẹ́ òótọ́, tálì dúró síbẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi ń kọ else sí ọ̀nà kan nìyẹn.

Nílé, ẹ fi hóró ẹ̀wà ṣe tálì kí ẹ máa sún un lórí ìwé. Nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, ẹ fi ìka tọ̀ ọ́. Ọfà méjì tó jáde lára iṣẹ́ kan, ‘àti’ ni òun náà, bíi fork. Àmì ìbẹ̀rẹ̀ méjì lórí àwòrán kan, méjèèjì ló ń tálì jáde. ‘Tàbí’ kì í fara pamọ́ sára àpótí. Dáyámọ́ńdì ni wọ́n fi ń yà á.

Ọfà tó ń gbé nǹkan dání, object flow, ní ìwà tirẹ̀ lọ́dọ̀ Dúródemí: tálì lásán méjì á di ọ̀kan, ṣùgbọ́n bí tálì tó gbé ẹrù bá wà láàárín wọn, ẹlẹ́rù nìkan ló ń kọjá.